Ológbò tó darúgbó tí olówó rẹ̀ kú

Ológbò tó darúgbó kì í sábà rí ẹni tí yóò gbà á bí ẹni tó ń bọ́ ọ bá jáde láyé. Àwọn dókítà ẹranko ń ka ológbò sí àgbà láti nǹkan bí ọdún 10. Èyí tó rí ìtọ́jú lè lo ọdún 15, òmíràn á kọjá 20. Ológbò kan tó ń jẹ́ Creme Puff, tó gbé ní Texas ní Amẹ́ríkà, lo ọdún 38 kó tó kú ní 2005. Ẹni tó bá mú ọmọ ológbò wálé lẹ́ni ọdún 65 lè kú kó fi í sílẹ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, èkúté ló ń mú kí wọ́n sìn ín, pàápàá nílé àwọn tó ń tọ́jú èlùbọ́ àti àgbàdo sínú àpò. Orí ẹja, egungun àti ìyókù àmàlà ló ń rí jẹ lọ́wọ́ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tó kù nílé, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Ìlọrin. Bí wọ́n bá ti sìnkú tán, tí wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tàbí ìsìn ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, oníkálukú a padà síbi iṣẹ́, wọn a ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n á pín ewúrẹ́ àti adìẹ mọ́ ogún. Ológbò, kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé yóò máa pa èkúté jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún èyí tó ti darúgbó. Eyín rẹ̀ ti ń jẹrà, oríkèé ara ń dùn ún, kò lè fò bíi ti àtẹ̀yìnwá. Kò lè yí ọrùn dé ẹ̀yìn láti lá ara rẹ̀ mọ́, irun ibẹ̀ á wá dì pọ̀ bí òwú tó bọ́ sómi. Òmíràn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá olówó rẹ̀ láìjẹun. Ewu ńlá nìyẹn: bí ológbò bá lo ọjọ́ 2 sí 3 láìjẹun, pàápàá èyí tó sanra, ọ̀rá ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ náà á sì daṣẹ́ sílẹ̀. Èrìgì á wá di àwọ̀ ìyeyè. Àìsàn kíndìnrín náà wọ́pọ̀ lára wọn: omi mímu á pọ̀, ìtọ̀ á pọ̀, ara á sì máa rù.

Igbe òru ló ń kó bá wọn jù. Ológbò tí etí rẹ̀ ti ń di, tàbí tí iyè rẹ̀ ń rá, a máa ké kíkankíkan lóru. Ní àdúgbò tí wọ́n ti ń so ológbò dúdú pọ̀ mọ́ àjẹ́, irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá arúgbó ti tó kí wọ́n fi òkò lé e. Ọjọ́ orí àti àìsàn ló ń mú un ké, ó sì yẹ kí ará ilé mọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Cats Protection, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, máa ń forúkọ ológbò sílẹ̀ nígbà tí olówó rẹ̀ ṣì wà láàyè, kí wọ́n lè wá ilé mìíràn fún un bó bá kú. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìpàdé ẹbí ló lè ṣe iṣẹ́ yìí: kí wọ́n dárúkọ ẹni tí yóò mú ológbò, bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ẹni tí yóò mú ewúrẹ́. Agbọ̀n onídèérí ni kí wọ́n fi gbé e, pẹ̀lú aṣọ tó máa ń sùn lé. Kí wọ́n sé e mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, nítorí ológbò a máa wá ọ̀nà padà sí ilé tó mọ̀, ọkọ̀ sì lè pa á lójú títì. Oúnjẹ tó ti mọ́ ọn lára ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún un, díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n má gbàgbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ìlọrin. Ti Ìlọrin ló sún mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ jù.