Fìríìjì inú trailer nígbà oòrùn: kí ló dé tí firísà dì, tí mílíìkì ń gbóná?

Tí sọ́mà bá ti wọlé ní Texas, tí oòrùn ń lọ sí 100°F, ìyẹn bíi 38°C, ìbéèrè tó jọra ni àwọn èèyàn wa tó ń fi pickup fa trailer lọ káàmpù máa ń bi mí, bóyá Garner State Park ni wọ́n ń lọ o, bóyá Big Bend ni. Fìríìjì ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Mo kó wọn jọ síbí kí gbogbo wa lè rí i kà, torí oúnjẹ tó bàjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan, ó lè kó ìgbẹ́ gbuuru bá ọmọ níbi tí ọsibítù ò ti sí nítòsí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹran inú firísà dì gbagidi, àmọ́ mílíìkì àti ẹyin tó wà nísàlẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣé fìríìjì wa ti kú ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má tíì kú o. Ọ̀pọ̀ fìríìjì trailer tó ń lo gáàsì, firísà ni òtútù ẹ̀ kọ́kọ́ ń gbà kọjá, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ń sọ̀kalẹ̀ wá síbi àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn nísàlẹ̀ yẹn, tó bá wá di pé ooru ò jẹ́ kí agbára ẹ̀ tó, firísà á gba tiẹ̀ tán, ìsàlẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ìsàlẹ̀ wà ní 48°F tàbí 50°F lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ tún un wò láàárọ̀ kùtù. Ẹ fi tẹmọ́mítà sínú ife omi kan nínú fìríìjì kí ẹ lè rí òótọ́ ibẹ̀, torí tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí báyìí, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ti yí padà. Tó bá ti padà sí 38°F láàárọ̀, ooru ọ̀sán ló ń dà á láàmú. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò yí padà, tí firísà pàápàá ti ń yọ́, ìyẹn lọ́rọ̀ mìíràn, màá dé orí ẹ̀.

Ìbéèrè: Iná gáàsì ń jó lẹ́yìn ẹ̀, inú ẹ̀ sì ń tutù. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ìdáhùn: Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù nìyí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí, tó bá ti yé yín gbogbo ìyókù á rọrùn. Fìríìjì ilé ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, èyí ò ní, kò ní mọ́tò kankan, ìdí nìyẹn tí kì í pariwo. Omi, àmóníà àti háídírójìn ló wà nínú páìpù ẹ̀, wọ́n ti dí i pa láti ilé iṣẹ́. Iná tó ń jó nísàlẹ̀ ló ń se omi àti àmóníà yẹn, àmóníà á hó, á gòkè lọ, tó bá dé àwọn irin tó wà lókè lẹ́yìn fìríìjì, atẹ́gùn ìta á gba ooru lára ẹ̀, á di olómi, á wá ṣàn wọ inú páìpù firísà níbi tí háídírójìn wà, ibẹ̀ ló ti máa gbẹ padà di afẹ́fẹ́, bó ṣe ń gbẹ ló ń fa ooru kúrò lára oúnjẹ yín. Lẹ́yìn ìyẹn á sọ̀kalẹ̀ sínú páìpù kan tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, omi á gbé e mu, á tún tú ooru sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ń tú ooru sílẹ̀, ẹ̀yìn fìríìjì ni méjèèjì ti ń ṣẹlẹ̀. Tí ẹ̀yìn yẹn bá ti gbóná, kò ríbi tú ooru sí mọ́ nìyẹn. Àmóníà ò ní tètè di olómi, omi náà ò sì ní lè gbé e mu dáadáa, àní bí kóòkì tí ò tutù ṣe máa ń hó jáde tí èèyàn bá ṣí i.

Àwọn ọ̀dọ́ méjì kan tó ń kàwé ní Stockholm, Baltzar von Platen àti Carl Munters, ló gbé e jáde ní 1922. Àwọn àgbà wa náà mọ irú ẹ̀, fìríìjì oníkẹrosíìnì tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà níbi tí iná ò dé, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, àtùpà ló wà nísàlẹ̀ tiẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti yí bọ́tìnnì ẹ̀ dé ibi tó tutù jù, síbẹ̀ pàbó ló já sí.

Ìdáhùn: Lọ́sàn-án gangan, bọ́tìnnì ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ìgbà tí iná máa tàn àti ìgbà tó máa kú ni bọ́tìnnì ń darí, tí ooru bá sì ti mú, iná yẹn kì í kú rárá, ó ti ń ṣe gbogbo ohun tí agbára ẹ̀ ká. Alẹ́ ni kí ẹ yí i sí òtútù jù, nígbà tí atẹ́gùn ìta ti rọ̀, kí oúnjẹ ti tutù dáadáa kí ọ̀sán tó dé.

Ìbéèrè: Kí la wá lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀yìn ẹ̀ ni kí ẹ mójú tó. Lójú tèmi, ibi tí ẹ páàkì sí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí ẹ lè rà lọ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí ihò atẹ́gùn fìríìjì wà, ẹ má jẹ́ kó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, torí láti nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán títí oòrùn á fi wọ̀, ara trailer níbẹ̀ á gbóná débi pé ẹ ò ní lè gbọ́wọ́ lé e. Tí ààyè ò bá gbà yín láti yí i, ẹ ta tapólì kó ṣíji bò ó, ẹ jẹ́ kó jìnnà díẹ̀ sí ara trailer, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bo ihò yẹn mọ́lẹ̀ o, iná ń jó nínú ẹ̀.

Ẹ pa gáàsì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá yọ ìdérí ihò ìsàlẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sókè. Tí ẹ bá rí àlàfo ńlá láàárín irin ẹ̀yìn fìríìjì àti ògiri trailer, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà sá lọ láì fara kan irin, àwọn tó ń ṣe trailer máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an, ó sì ń dùn mí torí kò ná wọn lówó púpọ̀ láti dí i. Ẹ gé páànù àlùmíníọ́mù pẹlẹbẹ, ẹ fi dí àlàfo náà kí atẹ́gùn lè gba àárín irin kọjá lọ sókè. Lẹ́yìn náà ẹ de fáànù kékeré 12 volt, irú èyí tó ń wà nínú kọ̀ǹpútà, sábẹ́ irin òkè yẹn kó máa fẹ́ sókè. Tí fìríìjì yín bá wà nínú slide-out, ìyẹn apá ara trailer tó ṣeé tì síta tí ẹ bá ti páàkì, tí ihò méjèèjì wà lára ògiri tí kò sí ti orí òrùlé, fáànù yìí di dandan. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá agbọ́n ti kọ́ ilé síbẹ̀ tàbí aláǹtakùn ti ta owú sẹ́nu ibi tí iná ń jó, òórùn gáàsì máa ń fà wọ́n wá.

Ti oúnjẹ: ẹ tan fìríìjì lọ́jọ́ kan ṣáájú kí ẹ tó gbéra, torí ó lọ́ra. Ọbẹ̀ ata, ẹ̀fọ́, ẹran díndín, ẹ jẹ́ kó dì nínú firísà ilé kí ẹ tó kó o wọlé, kí ẹ má kó nǹkan gbígbóná sínú ẹ̀ láéláé. Ẹ má kún un débi tí atẹ́gùn ò ní ríbi gbà láàárín abọ́. Mínírà àti omi tí àwọn ọmọ ń ṣí ilẹ̀kùn nítorí ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, inú kúlà pẹ̀lú yìnyín ni kó wà. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn náà, ẹ fi owó bébà dọ́là kan há a, ẹ fà á, tó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láì dí yín lọ́wọ́, rọ́bà yẹn ti rẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè: Gáàsì ló dáa jù àbí iná mànàmáná inú káàmpù?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ gbà pé gáàsì ń mú un tutù jù nígbà ooru, ẹ dán méjèèjì wò kí ẹ fi tẹmọ́mítà wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá gòkè lọ síbi tó ju nǹkan bí 5,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ, gáàsì kì í jó dáadáa mọ́, iná mànàmáná ni kí ẹ lò. Kí ẹ sì pa iná gáàsì ẹ̀ kí ẹ tó wọ ilé epo.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé trailer gbọ́dọ̀ dúró déédéé?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ẹ má fi ṣeré rárá. Kò sí ohun tó ń ti omi inú páìpù yẹn ju kó ṣàn wálẹ̀ fúnra ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá dúró kọjú sí fìríìjì, ọ̀pọ̀ lè fara da bíi dígírì 3 sọ́tùn-ún tàbí sósì, àti 6 síwájú tàbí sẹ́yìn. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tí iná ṣì ń jó, omi á dúró sójú kan, oògùn tí wọ́n fi sínú ẹ̀ kí irin má bàa dípẹtà á gbẹ, á dí páìpù, kò sì sí ẹni tó lè ṣí i. Fìríìjì tí kò padà tutù láàárọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, irú èyí ló sábà máa ń ṣe é, tàbí kó ti jò. Tó bá jò ẹ ó gbóòórùn àmóníà tó ń ta nímú, tàbí kí ẹ rí ìyẹ̀fun yẹ́lò lára páìpù ẹ̀yìn. Ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná síbẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ bọ́ síta.

Ìbéèrè: Ṣé ká kúkú ra èyí tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀?

Ìdáhùn: Tí ẹ bá ń lọ sáwọn ibi gbígbóná nìkan, bẹ́ẹ̀ ni, mo fọwọ́ sí i. Oní-12 volt ti pọ̀ nínú àwọn trailer tuntun, ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú, kì í sì í pẹ́ tó fi ń tutù. Bátìrì ni wàhálà tiẹ̀. Tí kò bá síná níbi tí ẹ dúró sí, bátìrì kan ṣoṣo tó bá trailer wá lè má gbé e di ọjọ́ kejì, ẹ ní láti ní sólà àti bátìrì tó tó. Ti gáàsì lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí sílíńdà kan, bátìrì díẹ̀ péré ló nílò fún pátákó iná ẹ̀.

Ìbéèrè: Ìgbà wo la máa da oúnjẹ nù?

Ìdáhùn: 40°F, ìyẹn 4°C, ni ààlà. Ẹran, ẹja, ìrẹsì sísè, mọ́ínmọ́ín, mílíìkì, tí wọ́n bá ti wà lókè ẹ̀ ju wákàtí 2 lọ, ẹ dà á nù, tó bá sì jẹ́ ìta ni wọ́n wà nígbà tí ooru ti kọjá 90°F, wákàtí 1 péré. Ẹ má tọ́ ọ wò kí ẹ fi mọ̀. Ẹran tí yìnyín ṣì wà lára ẹ̀ ṣeé dá padà sí firísà. Kẹ́ṣọ́ọ̀pù, bọ́tà àti ọsàn kò ní wàhálà.