Fáírọ́ọ̀sì tó ń pa bakitéríà: ohun tẹ́ ẹ bi mí àti ìdáhùn ẹ̀

Látìgbà tí ìròyìn ti jáde ní September 2025 pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Stanford àti Arc Institute l'Amẹ́ríkà fi AI ṣe fáírọ́ọ̀sì tuntun, ọkàn àwọn èèyàn ò balẹ̀. L'Òṣogbo níbí, láti Ọjà Ọba dé Ọláìyá, ohun tí mò ń gbọ́ ni pé Kòrónà míì ló ń bọ̀ yẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí pé ìbẹ̀rù yìí ò jẹ́ káwọn èèyàn mọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an.

Fáírọ́ọ̀sì wo ni wọ́n ṣe?

Wọ́n mú ọ̀kan tó ti wà tipẹ́, ΦX174, tó máa ń pa bakitéríà E. coli, wọ́n wá ní kí AI kọ DNA (ìtọ́ni inú ohun alààyè, tó ń sọ bó ṣe máa rí àti bó ṣe máa ṣiṣẹ́) tó jọ tiẹ̀ àmọ́ tó yàtọ̀. Nínú nǹkan bí 300 tí wọ́n mú láti dán wò, 16 ló ṣiṣẹ́. Féèjì ni gbogbo wọn, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé bakitéríà nìkan ló ń bá jà.

Ṣé ó lè mú èèyàn?

Rárá.

Kí ló dé tí ò lè mú èèyàn?

Torí pé féèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí nǹkan kan dì mú lára bakitéríà kó tó wọlé, nǹkan yẹn ò sì sí lára sẹ́ẹ̀lì tiwa. Kódà láàárín bakitéríà fúnra wọn, èyí tó ń pa E. coli kan lè má lè ṣe E. coli míì ní nǹkan kan. Àwọn tó ṣiṣẹ́ yẹn tún yọ àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń mú èèyàn kúrò nínú ohun tí AI yẹn fi kẹ́kọ̀ọ́.

Féèjì kan tí mo rí nínú fọ́tò, ó ní orí, ó tún lẹ́sẹ̀ bí aláǹtakùn. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?

T4 nìyẹn, òun ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn féèjì. Orí ẹ̀ jẹ́ àpótí púrótéènì olójú púpọ̀, inú ẹ̀ ni DNA wà, ìrù wà lábẹ́ ẹ̀, okùn tín-ín-rín mẹ́fà sì wà nídìí ìrù yẹn, àwọn lẹ ń pè lẹ́sẹ̀. Tí ẹsẹ̀ yẹn bá ti di bakitéríà mú, ìrù á sún kì bí ìgbà téèyàn bá ká apá agbádá sókè, ọ̀pá tó wà nínú ẹ̀ á yọ, á gún ara bakitéríà, DNA á sì gba ibẹ̀ wọlé. Láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, bakitéríà yẹn á bẹ́, ọ̀pọ̀ T4 tuntun á sì tú jáde. Mi ò mọ nǹkan tó kéré tó báyìí tó tún mọṣẹ́ tó báyìí.

Àmọ́ gbogbo féèjì kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. ΦX174 ò ní ìrù, ó rí roboto, lẹ́tà DNA ẹ̀ ò ju 5,386 lọ, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Frederick Sanger àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti kà á tán láti 1977. M13 gùn bí òwú, ó sì máa ń jáde lára bakitéríà láì pa á. MS2 ò ní DNA rárá, RNA tó jẹ́ ìbátan DNA ló ní, lẹ́tà 3,569. Phi6 tún wọ ẹ̀wù ọ̀rá lé orí púrótéènì ẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ rí féèjì?

Frederick Twort ní Lọ́ńdọ̀nù, 1915, lẹ́yìn ẹ̀ Félix d'Hérelle ní Paris, 1917. Iṣẹ́ ọwọ́ féèjì ni wọ́n rí, torí kò sí awò tó lè fi féèjì fúnra ẹ̀ hàn nígbà náà.

Ọmọ mi kọ Myoviridae, orúkọ ẹbí féèjì kan, sínú iṣẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì, olùkọ́ ní kò sí mọ́. Ta ló jàre?

Olùkọ́ ló jàre, àmọ́ ẹ má bá ọmọ wí, torí ọ̀pọ̀ ìwé tó wà nílẹ̀ ṣì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìrù ni wọ́n fi ń pín wọn: tó bá gùn tó sì ń sún kì, Myoviridae; tó bá gùn tí kì í sún kì, Siphoviridae; tó bá kúrú, Podoviridae. Nígbà tí wọ́n wá ń ka DNA wọn, wọ́n rí i pé àwọn tí ìrù wọn jọra lè má bára wọn tan, àwọn tó sì pín apá DNA kan náà lè ní ìrù tó yàtọ̀, bíi féèjì lambda tí ìrù ẹ̀ gùn àti féèjì P22 tí tiẹ̀ kúrú. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń pín fáírọ́ọ̀sì sí ẹbí, ICTV, wá fagi lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 2022. Gbogbo onírù wà nínú kíláàsì Caudoviricetes báyìí, T4 sì bọ́ sínú ẹbí Straboviridae. Lójú tèmi wọ́n ṣe dáadáa, torí ìrísí nìkan ò tó fi mọ ẹbí. Èèyàn ṣì lè fi orúkọ àtijọ́ yẹn ṣàpèjúwe ìrù, kó má kàn kọ ọ́ bí orúkọ ẹbí.

Ṣé féèjì wà nínú odò Ọ̀ṣun?

Ó wà, bó ṣe wà nínú gbogbo odò, nínú ilẹ̀ àti nínú ìfun yín. Òun kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù nínú omi odò, ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ìwakùsà ni.

Ṣé kò wá léwu kankan ni?

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn féèjì kan kì í pa bakitéríà lójú ẹsẹ̀, wọ́n máa ń fi DNA wọn pamọ́ sínú tiẹ̀, ìgbà míì sì rèé, DNA yẹn ló máa fún bakitéríà ní májèlé. Féèjì ló kó májèlé fún bakitéríà onígbáméjì, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Waldor àti Mekalanos, ló fi èyí hàn ní 1996. Ti dìfítẹ́ríà, tó pa ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ Nàìjíríà ní 2023, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ààbò dìfítẹ́ríà wà nínú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀kankan fo àwọn ọmọ.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi féèjì ṣe oògùn. Tẹ́nìkan bá ń tà á lórí WhatsApp, ṣé kí n rà?

Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi wo àrùn. Ní Tbilisi lórílẹ̀-èdè Georgia, ilé iṣẹ́ Eliava ti wà lórí ẹ̀ láti 1923, l'Amẹ́ríkà náà ní 2016, òun ni wọ́n fi gba ẹ̀mí ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Tom Patterson, là nígbà tí antibáyọ́tíìkì ò ran bakitéríà ara ẹ̀ mọ́. Àmọ́ láàbù ló kọ́kọ́ gba bakitéríà yẹn, tí wọ́n wá féèjì tó lè pa á, kí wọ́n tó fún un. Ẹni tó ń ta ìgò kan náà fún gbogbo èèyàn ò ṣe ìkankan nínú ìyẹn, torí náà ẹ má rà á. Antibáyọ́tíìkì tẹ́ ẹ sì máa ń rà ní méjì-méjì ní kẹ́místì láìrí dókítà, ẹ bá mi fi sílẹ̀, irú ìlò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń sọ bakitéríà di èyí tí oògùn ò ràn mọ́.