Òṣùpá Ni Ẹ̀gbọ́n: Ibi Tí Kíka Oṣù, Ọ̀sẹ̀ àti Ọdún Ti Ṣẹ̀ Wá

Ẹ bi ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí ni kàlẹ́ńdà fi ń ka ọjọ́, oòrùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Tó bá jẹ́ kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri lónìí ni, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yìn òṣùpá ni mo wà. Bí oòrùn ṣe rí lánàá ló rí lónìí, ẹni tó bá sì tẹjú mọ́ ọn, ojú ló máa fi gbọ́ ọ. Òṣùpá ní tirẹ̀ á lé tín-ín-rín bí èékánná, á máa kún lálaalẹ́ títí á fi rí roboto, á tún máa joro títí a ò fi ní rí i mọ́. Kò sí ọmọdé tí kò lè rí i pé nǹkan kan ń yí padà lókè. Ohun tó ń yí padà, tó sì tún ń padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, òun lèèyàn lè fi ka ọjọ́.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa fúnra wa. Oṣù tó lé lójú ọ̀run ni oṣù tí à ń kà. Orúkọ kan náà ni. Yuè làwọn ará Ṣáínà ń pe òṣùpá, yuè náà ni wọ́n ń pe oṣù. Ay làwọn ará Tọ́kì ń pe méjèèjì. Lédè Jámánì, Mond ni òṣùpá, Monat sì ni oṣù, ẹ ò sì nílò babaláwo láti rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn èdè yìí ò bá ara wọn tan, síbẹ̀ ẹnu wọn kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ bá mi wá èdè tó fi orúkọ oòrùn pe oṣù.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù, ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá. Ní 1950, Jean de Heinzelin, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m tó jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, hú eegun kékeré kan jáde ní Ishango lórílẹ̀-èdè Kóńgò, níbi tí odò Semliki ti ń ṣàn jáde láti inú adágún Edward. Eegun náà ti tó nǹkan bí ẹgbàá mẹ́wàá ọdún. Ẹnì kan ti fi ohun mímú gé ìlà sí i lára ní ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kan jẹ́ 60, ìkejì jẹ́ 60, èyí àárín jẹ́ 48. De Heinzelin rò pé eré ìṣirò ni. Alexander Marshack, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ayé àtijọ́, wá gbé e sábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, ó ní ìrìn òṣùpá bí oṣù mẹ́fà lẹni náà ń kọ sílẹ̀. Marshack ni mo gbà gbọ́. Oṣù méjì lójú ọ̀run jẹ́ ọjọ́ 59, ìlà 60 sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì! Mi ò ní tàn yín, 48 yẹn kò bọ́ sójú ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka òṣùpá nígbà òjò, tí kùrukùru bo ojú ọ̀run fún alẹ́ mẹ́ta mẹ́rin, kí ló fẹ́ ṣe?

Eegun mìíràn tún wà tó dàgbà ju ti Ishango lọ, èyí tí wọ́n rí nínú ihò àpáta Border Cave lórí òkè Lebombo, lẹ́nu ààlà South Africa àti Eswatini. Ó ti lé ní ọ̀kẹ́ méjì ọdún. Ìlà tó wà lára rẹ̀ jẹ́ 29. Lóòótọ́, orí rẹ̀ kan ti kán, ìlà sì lè ti bá a lọ. Síbẹ̀, ta lẹni tó jókòó, tó gé ìlà 29? Lójú tèmi, obìnrin ni. Obìnrin ní ìdí lára ara rẹ̀ láti mọ iye alẹ́ tó wà láàárín ìgbà kan àti òmíràn, ìgbà yẹn sì súnmọ́ iye ọjọ́ òṣùpá. Àwọn kan ní wọ́n kàn gé irú ìlà bẹ́ẹ̀ sára eegun kí ó má baà yọ̀ lọ́wọ́ ni. Ó dáa. Kí wọ́n máa dì í mú.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà táwọn èèyàn fẹ́ fi oṣù kọ́ ọdún. Láti ìgbà tí oṣù kan bá lé títí di ìgbà tí òmíràn máa lé, ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44 ni, bí a bá pín in dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí oṣù kan fi máa ń jẹ́ 29, tí èkejì á jẹ́ 30. Méjìlá irú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 354. Ọdún ti oòrùn, tó ń mú ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò wá, jẹ́ ọjọ́ 365, wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú bíi 49. Ọjọ́ 11 ló sọnù sáàárín. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó ti ju oṣù kan lọ.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn Mùsùlùmí fi òṣùpá sílẹ̀ bó ṣe rí, Kùránì sì kọ̀ kí wọ́n máa fi oṣù kún oṣù. Ìdí nìyẹn tí Ramadan fi ń rìn káàkiri inú ọdún, tí ọdún 33 tiwọn fi súnmọ́ ọdún 32 ti oòrùn. Àwọn ará Bábílónì ní tiwọn ń fi oṣù kẹtàlá dí àlàfo náà. Lẹ́tà kan wà tí Ọba Hammurabi kọ sí ìjòyè rẹ̀ pé ọdún ní àlàfo, kí wọ́n ka oṣù Ululu lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá fi kún un pé owó òde tó yẹ kó dé ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n mú un wá nínú Ululu kejì yẹn. Ẹ ò rí i pé ọba mọ ìṣirò! Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ọdún 19 ti oòrùn àti oṣù 235 ti òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bíi wákàtí méjì péré ló wà láàárín wọn. Tí wọ́n bá fi oṣù méje kún ọdún 19, gbogbo rẹ̀ tò. Meton ará Áténì ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìṣirò náà, torí ó kéde rẹ̀ ní 432 ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn Júù ṣì ń lò ó.

Íjíbítì ni olórí àwọn alátakò mi. Wọ́n ń ṣọ́ ìràwọ̀ Sirius, tó máa ń yọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nígbà tí odò Náílì bá fẹ́ kún, ọdún wọn sì jẹ́ ọjọ́ 365 gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú rẹ̀: oṣù 12 tó jẹ́ ọjọ́ 30 ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Kí ló kan oòrùn pẹ̀lú 30? Ẹ̀wù òṣùpá ló wọ̀.

Ti ọ̀sẹ̀ ló le díẹ̀, torí kò sóhun tó ń rìn lójú ọ̀run ní ọjọ́ méje géérégé. Wọ́n ní ìràwọ̀ arìnrìn-àjò méje ni, pẹ̀lú oòrùn àti òṣùpá nínú wọn. Ìyẹn lè ṣàlàyé orúkọ ọjọ́, kò ṣàlàyé ọ̀sẹ̀. Ẹ pín òṣùpá sí mẹ́rin, ọjọ́ méje àti díẹ̀ lẹ máa rí, àwọn ará Bábílónì sì ń bẹ̀rù ọjọ́ 7, 14, 21 àti 28 nínú oṣù. Àwọn Júù ló wá já a kúrò lára òṣùpá, tí Sábáàtì fi ń tẹ̀ lé Sábáàtì láìwo òkè. Ilẹ̀ Faransé gbìyànjú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá láti 1793, ìjọba Soviet gbìyànjú ọlọ́jọ́ márùn-ún ní 1929, lẹ́yìn náà mẹ́fà. Nígbà tó fi máa di 1940, wọ́n ti padà sí méje.

Ìyókù ò pẹ́ sọ. Julius Caesar, aláṣẹ Róòmù, fi ọjọ́ kan kún gbogbo ọdún kẹrin láti 45 ṣáájú ìbí Jésù, ọdún tó ṣáájú rẹ̀ sì gùn tó ọjọ́ 445 kí nǹkan tó tò. Ọdún rẹ̀ fi ìṣẹ́jú 11 gùn jù. Ní 1582, Póòpù Gregory Kẹtàlá pa ọjọ́ mẹ́wàá rẹ́: àwọn tó sùn ní 4 Ọ̀kìtóbà jí ní 15. Bíríténì gbà á ní 1752, Rọ́ṣíà ní 1918, Gíríìsì ní 1923.

Nítorí kí ni Póòpù fi ṣe é? Nítorí Ọdún Àjíǹde, tó gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé òṣùpá kíkún tó bá bọ́ sí 21 Máàṣì tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló fà á tí Àjíǹde fi wáyé ní 31 Máàṣì ní 2024, tó sì sún dé 20 Épírì ní 2025.