Iná ò sọ irin di tuntun: ọ̀rọ̀ fún ẹni tó fẹ́ da páàtì ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń gbọ́ léraléra ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń fi léètì (ẹ̀rọ tó ń yí iṣẹ́ kí a lè gbẹ́ ẹ) ṣiṣẹ́, ó sì ti sú mi láti máa fi ẹnu dáhùn ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí. Oníbàárà á gbé àpò àlòkù wá, wáyà iná wà níbẹ̀, agolo mínírà wà níbẹ̀, férémù wíńdò wà níbẹ̀, písítìn jẹnẹrétọ̀ náà wà níbẹ̀, á ní òun fẹ́ kí wọ́n yọ́ ọ fi da púlì tàbí ìmpẹ́là ẹ̀rọ omi, ìyẹn abẹ tó ń yí nínú ẹ̀rọ tó ń ti omi. Tí ẹ bá ní "Alàájì, àwọn nǹkan yìí ò jọra o," á ní "Ṣebí alumí náà ni gbogbo ẹ̀, ẹ ṣáà yọ́ ọ, tí iná bá ti jó o ó ti di tuntun nìyẹn." Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, àwọn tó kàwé ń sọ ọ́, àwọn kan nínú àwọn tó ń da ìkòkò gan-an ń sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Mi ò ní pẹ́ lórí pé alumí yàtọ̀ sí alumí, ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ tẹ wáyà, tó sì ti fi òòlù lu písítìn rí, mọ̀ pé ọ̀kan ń tẹ̀, èkejì ń fọ́. Ibi tó ń dùn mí ni apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn, pé iná ń tún un ṣe. Torí pé ó fara jọ òótọ́ ni ò jẹ́ kó kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Iná máa ń jó ọ́ìlì kúrò, ó ń jó gírísì àti ọ̀dà, ó ń jó nǹkan tí wọ́n fi ra inú agolo, ìdọ̀tí tó kù á léfòó gẹ́gẹ́ bí ìdàrọ́, ẹni tó ń dà á á fi ṣíbí irin gbá a dànù. Ohun tójú wá rí ni pé nǹkan dúdú wọlé, nǹkan tó ń dán jáde. Ta ni ò ní gbà pé ó ti mọ́?

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lójú alumí nìyẹn, kì í ṣe ohun tó wà nínú ẹ̀. Iyọ̀ tó bá ti yòrò sínú ọbẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ sè é tí iyọ̀ yẹn á fi jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni sílíkọ́nì (èròjà kan tí wọ́n ń pò mọ́ alumí), bàbà àti irin tó bá ti yòrò sínú alumí ṣe ń dúró síbẹ̀. Máńgánísì tó wà lára agolo ń dúró. Síńkì àti mágínísíọ̀mù nìkan ló ń jó díẹ̀ díẹ̀, ìyẹn náà sì ní wàhálà tiẹ̀, torí nígbà míì mágínísíọ̀mù tó jó lọ yẹn gan-an ló ń fún páàtì lágbára.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí irin yìí dáadáa, torí òun lọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rárá. Alumí tó ti yọ́ máa ń jẹ irin. Kì í ṣe pé ó ń fara kàn án lásán o, ó ń jẹ ẹ́, irin ń yòrò sínú ẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ láì jẹ́ pé irin fúnra ẹ̀ dé ibi tó ti ń yọ́. Alumí ń yọ́ ní 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, irin tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ilé kì í yọ́ títí dé nǹkan bí 1500, nítorí náà àwọn èèyàn rò pé ìkòkò irin ò lè ṣe alumí ní nǹkan kan. Kí ni wọ́n wá fi ń yọ́ ọ lọ́dọ̀ wa? Sìlíńdà gáàsì tí wọ́n gé láàárín, tàbí irú irin mìíràn tó nípọn. Ẹ lọ wo sìlíńdà yẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó pẹ́, ara inú ẹ̀ ti jẹ gbágungbàgun, ó ti fẹ́lẹ́, níbi kan ó ti fẹ́ lu. Ibo ni irin tó sọnù níbẹ̀ lọ? Inú púlì yín ló lọ. Ti bóòtù tí wọn ò tú kúrò lára ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó jù ú síná tún wà níbẹ̀, ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń rò ó náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí alumí yẹn bá wá ń dì, irin inú ẹ̀ ò ní rí àyè dúró sí, yóò dì sọ́tọ̀ ní ìrísí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó le tó sì ń ṣẹ́, ẹ ò lè fojú lásán rí i. Ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn ni páàtì á ti là lọ́jọ́ tí agbára bá dé bá a. Bó bá sì ṣe pẹ́ tó kó tó dì ni abẹ́rẹ́ yẹn ṣe ń gùn tó, mọ́ọ̀dù iyẹ̀pẹ̀ tí gbogbo wa ń lò, ìyẹn iyẹ̀pẹ̀ tí a fi ya àyè páàtì tí a ń da alumí sí, kì í jẹ́ kó tètè tutù. Ẹlòmíì á ní ṣebí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi ẹ̀rọ tẹ alumí sínú mọ́ọ̀dù irin ń fi irin díẹ̀ sí i. Òótọ́ ni, wọ́n ń jẹ́ kó tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kí alumí má bàa lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n tiwọn ń dì kíákíá, abẹ́rẹ́ ò ráyè gùn, wọ́n sì mọ iye tí wọ́n fi sí i. Àwa ò mọ iye tó wà nínú tiwa.

Wọ́n á wá bi mí pé báwo la ṣe máa yọ irin yẹn kúrò. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe nílé iṣẹ́ ni pé kí wọ́n da alumí tó mọ́ mọ́ ọn kó lè dínkù. Nítorí náà gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un yọ́ nínú ìkòkò irin, ṣe ló ń pọ̀ sí i. Púlì tó fọ́ lónìí tí ẹ tún fi da òmíràn lọ́la ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó kúrò nínú iná, òdìkejì pátápátá ohun tí Alàájì sọ.

Sílíkọ́nì ló kàn. Àwọn tó ń ṣe písítìn sábà máa ń fi sílíkọ́nì tó tó bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún sí i, rímù ọkọ̀ máa ń ní nǹkan bí ìdá 7, férémù wíńdò ò ní tó ìdá kan, wáyà iná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ alumí lásán. Sílíkọ́nì yìí ló ń jẹ́ kí alumí ṣàn dáadáa nínú mọ́ọ̀dù, tó bá tó ìdá 12 sí 13, ibi tó ti ń yọ́ á wá sílẹ̀ dé 577. Ẹni tó bá fi férémù wíńdò da ìmpẹ́là tí abẹ ẹ̀ fẹ́lẹ́, alumí yẹn á dì kó tó dé ẹnu abẹ, tàbí kó là níbi igun nígbà tó bá ń sún kì. Wọ́n á ní iyẹ̀pẹ̀ ló burú, wọ́n á ní ẹni tó dà á ò mọṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣe iyẹ̀pẹ̀.

Lórí léètì lèmi ti ń dá wọn mọ̀. Tí wọ́n bá gbé èyí tí wọ́n fi wáyà tàbí férémù dà wá, èérún ẹ̀ á máa gùn, á máa wé mọ́ irinṣẹ́, á lẹ̀ mọ́ ẹnu abẹ títí ojú iṣẹ́ á fi máa ya jákujàku. Èyí tí wọ́n fi písítìn nìkan dà, èérún ẹ̀ kúrú, ó ń já wẹ́wẹ́, ojú iṣẹ́ á mọ́. Èyí tí wọ́n kó gbogbo nǹkan pọ̀ fi dà kì í ṣe bákan náà láti òkè délẹ̀. Tí mo bá sì ti bó awọ òde rẹ̀ tán, ihò wẹ́wẹ́ á yọ síta. Afẹ́fẹ́ háídírójìn ló ṣe ìyẹn, ara omi tó wà lára àlòkù, lára èédú àti nínú ọ̀rinrin ojú ọjọ́ ló ti wá, alumí tó yọ́ ń gbà á mọ́ra gan-an, tó bá ń dì kò ní àyè fún un mọ́, ló bá fi ihò sílẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé "rímù ọkọ̀ le, tí a bá fi rímù nìkan dà á, á le bí rímù." Èyí sàn ju àdàpọ̀ lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó wà nínú rímù nìkan ló jẹ́ kó le. Lẹ́yìn tí wọ́n dà á tán, wọ́n tún fi í sínú iná tó tó bí 540 fún wákàtí mélòó kan, wọ́n rì í bọ omi, wọ́n tún wá yan án nínú iná tí ò pọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ́ ọ, gbogbo iṣẹ́ yẹn ti parẹ́. Mi ò tíì rí oníbàárà tó béèrè pé ta ló máa tún un ṣe.

Ti irin dúdú tiẹ̀ tún yàtọ̀. Níbẹ̀, iná tún ń fi kún un. Ẹni tó bá kó ọ̀pá irin tó ń tẹ̀ dáadáa sínú ààrò gíga tí wọ́n ń fi èédú kóòkù yọ́ káàsì áyọ̀nù, irin yẹn á gba kábọ́ọ̀nù (ohun tó pọ̀ jù nínú èédú) lára kóòkù. Kábọ́ọ̀nù inú ọ̀pá ilé kì í tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, káàsì áyọ̀nù ní ìdá 2 àbọ̀ sí 4. Nítorí náà nǹkan tó ń tẹ̀ ló wọlé, nǹkan tó ń ṣẹ́ ló jáde. Tó bá jẹ́ ìdúró ẹ̀rọ ata tàbí púlì ńlá lẹ fẹ́, káàsì áyọ̀nù dáa níbẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ̀n jù. Tó bá jẹ́ ọwọ́ tó ń fa nǹkan tàbí ìkọ́ tí wọ́n ń fi gbé ẹrù, ẹ má dà á rárá, ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ rọ ọ́ tàbí kí wẹ́dà jó o pọ̀.

Àwọn kan á wá ní àwọn baba wa ò béèrè gbogbo èyí, wọ́n ń yọ́ ohun tí wọ́n bá rí. Ṣé lóòótọ́? Ère ọkùnrin tó jókòó tí wọ́n rí ní Tada, ní Kwara wa níbí létí odò Ọya, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara ni wọ́n fi dà á, kò ní tánganran (ìyẹn tíìnì tí wọ́n ń pò mọ́ bàbà) tó máa mú un rọrùn. Ìda ni wọ́n fi ya ère náà, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yọ́ ìda kúrò, wọ́n da bàbà sí àyè ẹ̀. Bàbà ń yọ́ ní 1084, bàbà nìkan sì ṣòro dà ju èyí tí wọ́n fi tánganran sí lọ. Mi ò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó dà á, ṣùgbọ́n bàbà tó mọ́ tó báyẹn kì í ti inú àpò àlòkù tí wọ́n dà pọ̀ jáde. Ẹnìkan ló ṣà á.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bóyá mọ́ọ̀dù iyẹ̀pẹ̀ ló dáa jù àbí mọ́ọ̀dù irin, tí àwọn èèyàn fi ń bára wọn jiyàn, ò fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Páàtì díẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tó. Páàtì ẹgbẹẹgbẹ̀rún, mọ́ọ̀dù irin ló máa dá owó ẹ̀ padà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ rántí níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá fi páàtì àtijọ́ tẹ iyẹ̀pẹ̀, èyí tuntun á kéré sí i, torí alumí ń sún kì ní nǹkan bí mílímítà 13 lórí mítà kan, púlì 300 mílímítà á dín ní bíi mẹ́rin, kí a má tíì sọ ti ibi tí páàtì àtijọ́ ti jẹ.

Mi ò sọ pé kí ẹ má lo àlòkù o. Ìdérí ìkòkò, ọwọ́ ilẹ̀kùn, òṣùwọ̀n tí kò ṣe ju kó wúwo lọ, àdàpọ̀ lè ṣe é. Púlì kékeré tí kì í sáré lè lò ó pẹ́ láì ṣe nǹkan kan, mo ti rí èyí tó pẹ́ gan-an. Písítìn tí wọ́n ṣà náà sì lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan tó bá ń sáré yípo, tó ń ru èèyàn, tàbí tó jẹ́ ti bíréèkì, ẹ má fi ẹ̀mí yín lé àpò tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ ṣa písítìn sọ́tọ̀, rímù sọ́tọ̀, wáyà sọ́tọ̀. Ẹ tú bóòtù kúrò. Ẹ ní kí wọ́n fi amọ̀ ra inú ìkòkò irin kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó yọ́ nǹkan nínú ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n da ọ̀pá kan tó nípọn bí ìka láti inú alumí kan náà, kí ẹ dè é mọ́ fáìsì, kí ẹ ṣẹ́ ẹ níwájú wọn, kí ẹ wo ojú ibi tó ti ṣẹ́: tí ihò bá pọ̀ níbẹ̀, tàbí tó ṣẹ́ láì tẹ̀ rárá tí ojú ẹ̀ rí gbàǹgbà gbàǹgbà, ẹ má gba páàtì yẹn.

Ẹ̀yin tó ń yọ́ ọ fúnra yín, agolo tí omi kán sí nínú lè pa yín. Omi tó bá wọ abẹ́ alumí tó ti yọ́ á di ooru lójú ẹsẹ̀, á sì bú gbàmù, á da iná sí yín lójú. Ẹ sá àlòkù sóòrùn, kí ẹ tún gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kó gbóná kí ó tó wọnú ìkòkò, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ má sì jẹ́ kí ohunkóhun tó jẹ́ ti bátìrì tàbí òjé sún mọ́ àlòkù tí wọ́n máa fi da ìkòkò ọbẹ̀, torí iná tí ẹ gbójú lé yẹn ò ní fọ òjé kúrò níbẹ̀, inú oúnjẹ àwọn ọmọ ló máa bọ́ sí.