Ẹ Má Fọwọ́ Ara Yín Kọ Lẹ́tà Náà

Lọ́yà ni mí. Ẹni kẹta rèé tó mú irú lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ yìí wá bá mi láàárín oṣù kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin náà wọ ọ́fíìsì mi ní Sábo, níbí ní Ìkòròdú, ó jókòó, ó sunkún díẹ̀, ó wá fa bébà kan yọ nínú báàgì. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohun tó ń sọ ni pé tayọ̀tayọ̀ lòun fi ń fi iṣẹ́ òun sílẹ̀, pé òun dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ fún àǹfààní ńlá tí wọ́n fún òun. Mo kà á tán, mo wò ó lójú.

"Ìwọ tí o ní wọ́n lé ọ nítorí ilà ojú rẹ, ọpẹ́ kí lo wá ń dá?"

Ó ní, "Mọ́mì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti wà á jáde. Mánéjà ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní tí mo bá kọ ọ́ dáadáa, àwọn náà á kọ̀wé tó dáa fún mi."

Wọn ò kọ ìwé kankan fún un títí di òní.

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí àdéhùn iṣẹ́ jẹ́; ẹni tó bá ti gbowó oṣù rí mọ̀ ọ́n. Ohun tó ká mi lára ni bí wọ́n ṣe ń lé ènìyàn nítorí ojú rẹ̀, tí a ò ní rí ẹni tó lé e. Ọmọ yìí ti ṣe ọdún méjì ní rísẹ́pṣọ̀n ilé ìtura kan tí mi ò ní dárúkọ. Àbàjà ló wà lójú rẹ̀, ìyá bàbá rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Mánéjà tuntun dé, ó ní àwọn àlejò fẹ́ràn kí wọ́n rí ojú tó mọ́ bí wọ́n bá wọlé. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ẹ̀yìn, sí ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn. Owó oṣù ò yí padà, ni òun náà bá dákẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣìṣe. Ẹ rò pé bí owó oṣù kò bá ti dínkù, kò sóhun tó ṣe yín. Nígbà tó wà níwájú, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà gba yàrá sílẹ̀ fún àlejò, ó mọ àwọn oníbàárà lórúkọ, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti ń bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ níwájú ti di alábòójútó. Òun wá lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbòmíràn, wọ́n bi í pé kí ló ṣe kẹ́yìn, ó ní aṣọ lòun ń fọ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe? Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ní Amẹ́ríkà, Daniel Hamermesh àti Jeff Biddle, ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 1994. Wọ́n rí i pé owó tó ń wọlé fún ẹni tí wọ́n bá kà sí ẹni tí kò rẹwà fi bí ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ẹni tí ojú rẹ̀ kàn wà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ rò ó.

Nínú àwọn ohun tí òfin Nàìjíríà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí rẹ̀ fi iṣẹ́ du ènìyàn, ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí ọ̀rọ̀ náà "ìrísí". Àwọn Faransé ti fi í sínú tiwọn láti 2001. Ní ìpínlẹ̀ Michigan, láti 1976 ni òfin ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí pé ènìyàn sanra tàbí pé ó kúrú kó fi iṣẹ́ dù ú. Tiwa ò sọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi nílò ẹni tó kàwé òfin, kì í ṣe ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sábẹ́ agboòrùn níwájú kọ́ọ̀tù. A máa ń wá ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí ni. Abala 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ka ẹ̀yà, ibi tí ènìyàn ti wá, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú, ó sì tún ní a ò gbọdọ̀ fi ipò tí wọ́n bí ènìyàn sí dù ú ní ohunkóhun. Ta ló bi ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ bóyá ó fẹ́ kọlà? Ibẹ̀ ni èmi máa gbé ọ̀rọ̀ ilà gbà. Ẹni tí wọ́n ní kó ṣí híjáàbù, ilẹ̀kùn ẹ̀sìn ló máa gbà. Àfín tí ojú rẹ̀ ò ríran jìnnà lè gba ti òfin àwọn aláàbọ̀ ara ti 2018, Èkó sì ti ní tirẹ̀ láti 2011. Kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ni ẹ ó gbé e lọ, ní Ìkòyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ bá májísíréètì, ẹ má sì gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

(Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gbèrò àtikọlà fún ọmọ, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ti fi dè yín: owó ìtanràn tí kò ju ₦5,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí méjèèjì. Owó yẹn kéré lójú mi.)

Ó yá, ọ̀rọ̀ fóònù. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń kú. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 ní ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde, fóònù yín náà sì wà níbẹ̀, kò lè dédé wọ kọ́ọ̀tù. A gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò yẹn, pé wọ́n ń lò ó déédéé, kí ẹni tó ń lò ó sì fọwọ́ sí ìwé kan tó jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́, pàápàá èyí tí ẹ̀yin fúnra yín fi bú u padà. Ẹ má gé àwòrán ojú fóònù kó lè dùn ún wò. Ẹ má ta fóònù. Nọ́ńbà ẹni náà gbọ́dọ̀ hàn, àti ọjọ́, àti aago.

Oníbàárà mi kan mú wọ́sáàpù wá nígbà kan. Ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé ó ti sanra kọjá ẹni tó lè dúró níwájú oníbàárà. Inú mi dùn dé gongo. A dé kọ́ọ̀tù, mo gbé e kalẹ̀. Lọ́yà kejì dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní, "Olúwa mi, orúkọ tí mo rí lókè ibí yìí ni 'Ọ̀gá Burúkú'. Ṣé kí wọ́n bá wa pè é wọlé?" Gbogbo kọ́ọ̀tù bú sẹ́rìn-ín, títí kan akọ̀wé. Orúkọ tí oníbàárà mi fi pa nọ́ńbà náà mọ́ nìyẹn, kò sí nọ́ńbà kankan lára bébà, ó sì ti ta fóònù náà ní Àgíríìkì kó lè ra òmíràn. Owó oṣù kan ti nóòtíìsì tí wọn ò fún un la rí gbà. Mo ṣì ń bínú.

Ọmọ alábàjà yìí ti ṣe gbogbo èyí tí kò yẹ. Ó ra ọṣẹ ìyọ́nú lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ẹ̀bútè, ₦45,000, kí ojú rẹ̀ lè bá mánéjà lára mu. Ó tún lọ bá àwọn tó ń po ìpara ní ọjà, wọ́n ní ilà á pòórá. Ilà ò pòórá, awọ ló bó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ata. Mi ò bá ẹ̀sìn tàbí ìṣẹ̀ṣe ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí adájọ́ tó gba ọṣẹ wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Owó yẹn ì bá tó owó lọ́yà, tàbí ó kù díẹ̀.

Lẹ́tà tó kọ ló tún wá burú jù. Kọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀gá lè fayé ni òṣìṣẹ́ lára títí yóò fi bọ́ síta fúnra rẹ̀, wọ́n sì lè kà á sí pé ó lé e ni. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé wọ́n fayé ni ẹni tó ń dúpẹ́ lára? Bí ẹ ò bá lè dúró mọ́, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó sọ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kan fún yín. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ lọ, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ọ́.

Mo mọ ohun tí mò ń wí. Pélé mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà, ilé iṣẹ́ lọ́yà kan ní Erékùṣù gbà mí, ṣùgbọ́n bí oníbàárà pàtàkì bá ń bọ̀, wọ́n á ní kí n lọ jókòó ti ìwé ní yàrá ẹ̀yìn. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ń lọ sí kọ́ọ̀tù, èmi ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n á lọ sọ níbẹ̀. Mo kọ ọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, mo kọ lẹ́tà. Ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúpẹ́ nínú rẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ sílé ni fóònù dún. Obìnrin kan ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló fún òun ní nọ́ńbà mi. Ó ní níbi iṣẹ́ òun, wọ́n ní òun ti dàgbà jù lójú, kóun kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó di Mọ́ńdè.

"Mọ́mì Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, Òyìnbó mi ò fi bẹ́ẹ̀ já geere. Ṣé ẹ lè bá mi kọ ọ́?"

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀. Mo bi í pé ibo ló wà, ó ní Gáréèjì. Mo ní kó máa bọ̀ wá bá mi báyìí, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú fóònù yẹn.