Ìjà Kásìtì Lórí Wikipedia: Ìwé Ni Kẹ́ Ẹ Bèèrè

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sábà máa ń fà á. Àyọkà nípa ìran kan ní àríwá Íńdíà wà lórí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Shudra, ipò kásìtì tó rẹlẹ̀ jù nínú mẹ́rin, làwọn ènìyàn náà. Ẹnìkan wọlé, ó pa Shudra rẹ́, ó kọ Kshatriya, ipò àwọn jagunjagun àti ọba, dípò rẹ̀. Ẹlòmíràn dé, ó dá a padà. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ síwá sẹ́yìn, èébú sì ti gba ojú ìwé ìjíròrò kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àtúnṣe ṣíṣe máa pàdé irú ìjà yìí, bó pẹ́ bó yá.

Kásìtì ni agbo tí wọ́n bí ènìyàn sí. Òun ló ń sọ ẹni téèyàn lè fẹ́, ẹni tí wọ́n lè jọ jẹun, àti iṣẹ́ tí bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ látayébáyé. Àwọn ìwé ẹ̀sìn Híńdù àtijọ́ ka ipò mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní varna: Brahmin, Kshatriya, Vaishya àti Shudra. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tì sẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló ń pe ara wọn ní Dalit lónìí. Ṣùgbọ́n jati, agbo gan-an táwọn ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, pọ̀ lọ jàra, ibi tí jati kọ̀ọ̀kan bọ́ sí láàárín ipò mẹ́rin yẹn ni ìjà sì máa ń wà. Àpilẹ̀kọ 17 nínú ìwé òfin Íńdíà ti 1950 fòpin sí kíka ẹnikẹ́ni sí ẹni àìgbọdọ̀-fọwọ́-kàn. Òfin ò lè pa ìrántí rẹ́. Ẹni tó ń pa Shudra rẹ́ lọ́jọ́ yẹn lè jẹ́ ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n rí fín ní abúlé rẹ̀ títí tó fi kú. Mo máa ń rántí èyí kí n tó fèsì ohunkóhun.

Síbẹ̀, àánú nìkan ò lè kọ àyọkà. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni wádìí ìran. Kò sí oníṣe Wikipedia kankan tí wọ́n fi ṣe adájọ́ lórí ẹni tó bí ta ni. Ohun tó wà níkàáwọ́ wa ni ohun táwọn onímọ̀ ti tẹ̀ jáde, ká sì kọ ọ́ láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ìbéèrè kan péré lẹ máa béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì: ìwé wo ló sọ bẹ́ẹ̀, lójú ewé wo?

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń díjú, torí wọ́n á mú ìwé wá. Ìwé àwọn òyìnbó amúnisìn ló sì máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ ìtẹ̀jáde wọn ti tán, ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Herbert Risley, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, ló bójú tó ìkànìyàn Íńdíà ti 1901. Ó gbà gbọ́ pé wíwọn imú ènìyàn lè fi ipò kásìtì rẹ̀ hàn, ó sì ní kí wọ́n to àwọn kásìtì gẹ́gẹ́ bí iyì wọn láwùjọ. Bí ìròyìn yẹn ṣe tàn kálẹ̀, ẹgbẹ́ kásìtì lóríṣiríṣi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba pé kí wọ́n gbé àwọn sókè. Ìwé tí wọ́n kọ nínú irú ìfagagbága bẹ́ẹ̀ ò lè parí ìjà. Àwọn àgbà oníṣe tó mọ àyọkà wọ̀nyí dáadáa kì í gbà á bí ẹ̀rí mọ́. Ìwé àwọn onímọ̀ ìtàn àti àwùjọ òde òní, tí ilé ìtẹ̀wé yunifásítì gbé jáde, ni wọ́n ń béèrè.

Àwa náà mọ irú rẹ̀ nílé. Ẹni tó bá ti ka àyọkà nípa ìdílé tó ń jọba nílẹ̀ Yorùbá mọ bí wọ́n ṣe ń fa ìwé tí ajẹ́lẹ̀ kọ yọ síra wọn, bíi pé ẹnu àwọn tó sọ ìtàn fún ajẹ́lẹ̀ náà ò ní ète tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn Yadav. Àwọn agbo darandaran bíi Ahir ló kóra jọ lábẹ́ orúkọ yìí, wọ́n sọ pé ìran Yadu, ọba inú ìtàn àtijọ́, làwọn, pé Kshatriya sì làwọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn tó kárí Íńdíà sílẹ̀ ní Allahabad ní 1924. Ní 1990, ìjọba V. P. Singh, olórí ìjọba Íńdíà nígbà náà, kéde pé òun máa fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pamọ́ fáwọn agbo tí wọ́n fà sẹ́yìn, Yadav sì wà lára wọn ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Àwọn kan á ní ẹ̀tàn ni kéèyàn pe ara rẹ̀ ní Kshatriya, kó tún gba iṣẹ́ tí wọ́n fi pamọ́ fáwọn tí wọ́n fà sẹ́yìn. Mi ò gbà. Iyì lọ̀tọ̀, iṣẹ́ tọ́mọ ẹni máa ṣe lọ̀tọ̀. Fún àyọkà, ohun tó yẹ ni kẹ́ ẹ kọ ìtàn ohun tí wọ́n ń sọ nípa ipò wọn náà: ta ló sọ ọ́, ìgbà wo, kí làwọn onímọ̀ rí sí i. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ lójú ewé ju "Kshatriya ni wọ́n" tàbí "Shudra ni wọ́n" lọ.

Ní ti ìjà gan-an, ẹ dá àtúnṣe padà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sọ ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọjá sójú ìwé ìjíròrò. Ẹni tó bá dá a padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín wákàtí 24, wọ́n lè tì í mọ́ta, ì báà tiẹ̀ jàre. Bí ẹ̀yin méjèèjì ò bá gbọ́ra yín yé, ẹ pe ẹni kẹta, tàbí kẹ́ ẹ ké sí gbogbo oníṣe láti dá sí i. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà ní ṣíṣí fún 30 ọjọ́. Ẹ má ka iye orí àwọn tó dá sí i. Wọ́n lè kó èrò wá láti orí WhatsApp, ẹnìkan sì lè ní àkáǹtì márùn-ún. Ẹ̀rí ló ń borí níbẹ̀. Láti 2012 ni Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì ti fún àwọn alámòójútó lágbára àrà ọ̀tọ̀ lórí àyọkà kásìtì, débi pé wọ́n lè fòfin de oníṣe kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Àyọkà míì wà tí wọ́n ti pa dé, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ti lo 30 ọjọ́, tó sì ti ṣe àtúnṣe 500, nìkan ló lè fọwọ́ kàn án.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni orúkọ àwọn tó ṣì wà láàyè. Wọ́n á to òṣèré, olóṣèlú àti agbábọ́ọ̀lù jọ sábẹ́ kásìtì kan, kìkì nítorí orúkọ bàbá wọn. Orúkọ bàbá kì í ṣe ẹ̀rí, irú àkọlé bẹ́ẹ̀ sì lè kó ènìyàn sínú ewu ní àdúgbò rẹ̀. Àfi bí ẹni náà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, tí ìwé tó ṣeé gbára lé sì gbé e. Bí ẹ bá rí orúkọ tí kò ní ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ìdí tẹ́ ẹ fi yọ ọ́. Bí wọ́n bá dá a padà, ẹ tún yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì fi tó alámòójútó létí. Òfin ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn ò mú ẹni tó ń dáàbò bo alààyè.