Àríyá ọ̀fẹ́ fún ọmọdé: ìbéèrè àwọn ará Ìbàdàn

Lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 kú nínú èrò tó fún pọ̀ níbi àríyá ọ̀fẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ọgbà Islamic High School, Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ 21, èèyàn tún kú níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ l'Ábújá àti l'Ókìjà ní ìpínlẹ̀ Anambra. Àwọn òbí àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àánú ṣì ń bi wá léèrè.

Ṣé wọ́n tẹ àwọn ọmọ náà pa ni?

Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni gbogbo wa máa ń pè é, ṣùgbọ́n àìrí èémí mí ló ń pa èèyàn jù nínú èrò. Àyà gbọ́dọ̀ ráyè fẹ̀ kí atẹ́gùn tó wọlé. Bí èrò bá fún un mọ́ níwájú lẹ́yìn, èèyàn lè kú lórí ìdúró. Ẹ fi ẹfun fa ojú ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan. Èèyàn mẹ́rin á dúró síbẹ̀, wọ́n á ṣì lè yíra padà. Tí wọ́n bá di mẹ́fà, ara ti kan ara, ewu ti dé nìyẹn. Ọmọdé ló sì kọ́kọ́ ń kó o, torí ìbàdí àgbà ni orí rẹ̀ mọ.

Àwọn kan ń sọ pé àìlẹ́kọ̀ọ́ òbí ló fà á. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ igbe ẹni tó wà lẹ́nu géètì. Ohun tó rí kò ju pé ìlà ò lọ mọ́.

Ṣé ebi ló kó èrò jọ?

Ó wà níbẹ̀. Lóṣù yẹn, ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú. Ẹni tó bá kéde ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé èrò ń bọ̀.

Ọmọ 200 péré ni ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe é fún. Báwo la ṣe máa ṣe é?

Ẹ má kéde lórí rédíò pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa gbà. Gbólóhùn yẹn ló ń mú èèyàn sùn sẹ́nu géètì. Ẹ pín káàdì ṣáájú, nílé-ìwé, ní mọ́sáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lọ́dọ̀ àwọn mọgàjí. Ọ̀nà kan ò wọjà: ẹ jẹ́ kí ọ̀nà àbáwọlé yàtọ̀ sí ọ̀nà àbájáde, kí géètì sì ṣí síta. Ẹ má pín ẹ̀bùn lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí ọmọ bá ti jókòó ni kó gbà á.

Mo wà níbi ètò kan ní Mọ́kọ́lá tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ni ti káàdì pupa, aago mọ́kànlá ni ti aláwọ̀ ewé. Ìyá àgbà kan pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá láìní káàdì. Wọn ò lé e. Obìnrin kan fún un ní ìjókòó àti omi, ó kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé, ó sì ní kí wọ́n padà wá ní Sátidé. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ṣé ká sọ fún ọlọ́pàá?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí èèyàn kú l'Ábújá, ọlọ́pàá ibẹ̀ sọ ọ́ di dandan. N'Ìbàdàn, ẹ kọ lẹ́tà sí DPO, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò, àti Sífù Dìfẹ́ǹsì, kí ẹ sì bẹ Red Cross kí wọ́n wá dúró tì yín.

Èmi òbí ń kọ́?

Tí ẹ bá débẹ̀ tí géètì ṣì wà ní títì, tí èrò sì ti kún iwájú rẹ̀, ẹ mú ọmọ padà sílé. Bó bá ti ká yín mọ́ àárín èrò, ẹ gbé ọmọ sókè, ẹ ká apá síwájú àyà kí ẹ lè ráyè mí. Ẹ má ta ko èrò. Ẹ máa bá a lọ, kí ẹ máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bàtà tó bá bọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mú un.